Wúrà Tó Ń Wọ Aṣọ

Àwọn kan wà ní Pòrógun, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, títí di òní tí wọ́n ń sọ pé ńṣe ni wọ́n lé mi kúrò ní Ìlú Ọba. Bí mo bá ń kọjá, wọn a fi ẹnu sí etí ara wọn, wọn a ní, "Òun nìyẹn, ẹni tó lọ fọ ìgò lókè òkun." Mo ń gbọ́. Etí mi kò di. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, bàámi fà mí jáde ní kíláàsì kí n tó mọ ìṣirò tó le. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé tán tí kò rí nǹkan kan rí, kí ló fẹ́ kọ? Èmi rí nǹkan. Mo rí wúrà tó wọ aṣọ, mo rí i tó ń rìn nínú ohun alààyè bí èèrà. Ẹni tó bá tún rí irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó nawọ́ sókè.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ọ̀hún. Gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun dé ni í máa ròyìn bàlúù bí ẹni pé òun ló wà á. Mo lọ, mo dé ibẹ̀. Ó tán.

Ẹni tí mo jẹ́ kí n tó lọ ló yẹ kí ẹ mọ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá mi, alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá tó bí i. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìmùṣin, kò sí ìyàwó ọlọ́lá kan tí etí rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà ti di baálé ilé, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó páńdà wọ̀lú, ìyẹn idẹ tí wọ́n fi omi wúrà pa lára. Àwọn obìnrin ń rà á bí ẹní ra àkàrà. Á dán yanran fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ọrùn wọn á dúdú bí ìdí ìkòkò. Àbúrò mi Sùlè, ọmọ ìyàwó kejì bàbá wa, ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé páńdà wá sí ilé wa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa gan-an ló tẹ́ àtẹ rẹ̀ sí! Àwọn oníbàárà wa á fò wá kọjá lọ bá a. Mo ní mi ò lè jókòó máa wo idẹ tó wọ aṣọ wúrà kí wọ́n máa kí i kú ọrọ̀. Bí mo ṣe fi ilé sílẹ̀ nìyẹn.

Àríwá Ìlú Ọba ni ìlú tí mo bá ara mi, ìlú bíríkì dúdú àti èéfín. Orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ẹnu wa kò tilẹ̀ lè pè é kí ahọ́n má fara pa. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó lọ, nítorí náà òtútù kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ènìyàn kì í kí ènìyàn. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo rí bàbá arúgbó kan àti ajá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀. Mo tẹrí ba, mo ní, "Gúdù mọ́nìn, sà." Bàbá wò mí, ó wo ajá rẹ̀, ó sì fa okùn ajá náà sẹ́yìn, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ gé e jẹ.

Èmi! Ọmọ Ìjẹ̀bú! Nílé wa, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, a ó béèrè bóyá ó ti kú tí kò tíì mọ̀ ni.

Mo pinnu pé àwọn ni yóò yí padà, kì í ṣe èmi. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí bàbá yìí. Nínú òjò, mo kí i. Nínú yìnyín, mo kí i. Mo kí i títí tí àwọn tó kù níbẹ̀ fi ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó yá, ó mú ọwọ́ lọ sí fìlà rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ dáadáa. Ìkíni ni o, èébú ni o, mo gbà á. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo pe ilé láti ròyìn ìṣẹ́gun mi.

Ilé Màmá Tíṣà ni mo máa ń pè, nítorí òun nìkan ló ní tẹlifóònù ládùúgbò wa. Ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìmùṣin, á ti jókòó dè mí lẹ́yìn ìsìn Màmá Tíṣà, gbogbo ilé á sì yí i ká láti bá a gbọ́ ọ.

"Bàbá Kúdí, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Mo wà dáadáa. Bàbá òyìnbó yẹn ti dáhùn."

"Ó dáhùn kí ni?"

"Ìkíni mi."

"Gbogbo bí ẹ ṣe lọ láti ìgbà yìí, ohun tí ẹ rí he níbẹ̀ nìyẹn?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá Tíṣà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin Ìmùṣin kò mọ iyì ìṣẹ́gun.

"Sùlè ní kí n bi yín," ó tún sọ, "iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe?"

"Sọ fún Sùlè pé wúrà ni mo ń bá ṣiṣẹ́."

"Góòlù? Lókè òkun?"

"Góòlù. Wọ́n ń fi í sínú ara ohun alààyè."

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́! Sọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún un."

Òtítọ́ ni mo sọ. Kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́: mo fọ ìgò. Ní yunifásítì ìlú náà, mo fọ ìgò. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ìgò kí ni. Ìgò tí wúrà ń gbé ni. Bí eruku tó kéré ju ọkà gàrí lọ bá wà nínú rẹ̀, wúrà yóò bàjẹ́. Àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ife tí wọ́n fi ń mu omi nílé wọn, ẹ̀gbin etí rẹ̀ tó fi gbin ẹ̀fọ́.

Ọ̀gá mi ni obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, Dókítà Mẹ́rì ni wọ́n ń pè é. Dókítà ni, kì í sì í fún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un kíákíá pé kó má wo ti ìgò tí mo wá fọ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí láti ìran mi wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀! Àwa náà, wúrà ni iṣẹ́ wa." Ó gbé ìgò kan wá síwájú mi, ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa, ó mọ́ gaara.

"Wúrà nìyí," ó ní.

Mo wò ó. Mo wo obìnrin náà. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Màdáàmù, èyí kì í ṣe wúrà. Omi ìṣápá ni."

"Kí ni ìṣápá?"

"À ń sè é, a sì ń mu ún."

"Jọ̀ọ́, má mu èyí," ó ní, ó sì fa ìgò náà mọ́ra.

Ó mú sùúrù fún mi, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí. Ó se òmíràn lójú mi. Omi tí wọ́n ti yọ́ wúrà sí, àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti tíì tí kò ki lọ. Ó gbé e kaná, ó da nǹkan tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Omi náà funfun bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣú bí òjò, ó di àwọ̀ elésè àlùkò, lójijì ó pọ́n. Ó ní wúrà ló ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí ẹyọ kan, pé wúrà tó bá kéré tó yẹn, pupa ni í rí, kì í ṣe àwọ̀ ìyeyè bí ti òrùka.

Mo ní ní tèmi o, wúrà tí ojú kò rí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ Ojúde Ọba?

Ó ní kò sí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ní ara gbogbo ohun alààyè, yàrá kéékèèké ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ń pe yàrá bẹ́ẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì. Nǹkan pọ̀ nínú yàrá yẹn, ọ̀nà wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀, ẹrù ń lọ, ẹrù ń bọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara bí omi nínú omi, kò ṣeé rí. Wúrà ni àwọn ń rán wọlé bí àtùpà. Ibi tó bá dúró sí ni àwọn yóò fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn, ó ní, ohun tó ti kú ni wọ́n ń wò. Òun ń wò ó láàyè.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú. Ó ní kí wọ́n tó rán wúrà náà wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ.

"Aṣọ?"

"Aṣọ. Èròjà kan tó dà bí funfun ẹyin. Bí kò bá wọ aṣọ, ńṣe ni wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, tí wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá bá lọ́nà. Aṣọ ló ń jẹ́ kó mọ ilé tó ń lọ. Ìyẹn tó wà ní ìhòòhò, iyọ̀ díẹ̀ ló máa bà á jẹ́. Dúró, jẹ́ kí n fi hàn ọ́."

Mi ò dúró. Mo gbé garawa mi. Wúrà tó bẹ̀rù iyọ̀! Láti kékeré ni mo ti ń rí bàámi tó ń fi iyọ̀ pa wúrà lára, kò sì sí ọjọ́ kan tí wúrà sunkún. Mo fi ilé sílẹ̀ nítorí idẹ tó wọ aṣọ wúrà; mo wá dé ibi tí wọ́n ti ń wọ wúrà láṣọ ẹyin. Mo ní lọ́kàn mi pé páńdà ti kọjá òkun, ó ti lọ sí yunifásítì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ nítorí ẹ̀gàn. Ọjọ́ kan wà tí ó pè mí wọ yàrá kékeré kan, ó ní kí n jókòó. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wà níbẹ̀, wọ́n so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. "Ìgò tí o fọ̀ ló wà lẹ́yìn èyí," ó ní, "ó yẹ kí o rí i."

Mo wò. Nǹkan kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n náà bí àkàrà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àwọn àmì dúdú wà, wọ́n kéré jọjọ. Àwọn kan dúró sójú kan, wọ́n ń gbọ̀n. Mo fẹ́ dìde. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbéra. Ó lọ tààrà, ó dúró, ó tún lọ, ní ojú ọ̀nà tí èmi kò rí ṣùgbọ́n tí òun mọ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà kan náà. Bí èèrà tó ru ẹrù, bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn.

"Ìyẹn ni wúrà?"

"Ìyẹn ni wúrà."

"Ta ló ń tì í?"

"Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni. Ó ń gbé e lọ sílé."

Mo sún àga mi mọ́ ọn. Fún ẹni tó bá mọ̀ mí, ìyẹn ti tó ìròyìn.

Nígbà tí mo ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo ro ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti wọ kóòtù wọn, mo ti wọ bàtà wọn, mo ti kọ́ bí a ṣe ń tò lẹ́yìn ènìyàn láìfọhùn. Síbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn kan tó ṣí fún mi ju ti yàrá tí mo yá lọ. Wúrà tí kò tó eruku ń wọ aṣọ ẹyin, wọ́n ń gbé e relé bí ìyàwó. Èmi tí mo ga tó báyìí, tí mo tó òpó ilé, ajá ni wọ́n ń fà sẹ́yìn nítorí mi. Ilé tí wọn kò ti mọ bàbá ẹni, bí ènìyàn wọ aṣọ méje, ìhòòhò ló wà. Mo rẹ gàrí Ìjẹ̀bú tó kù nínú àpò mi, mo mu ún láìsí ẹ̀pà. Ó kan dáadáa. Ìyẹn nìkan ló ń dá mi lóhùn ní gbogbo ìlú yẹn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kí i.

Àìpẹ́ sí ìgbà náà ni Bàbá gba tẹlifóònù lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbà pé ohùn kò lè kọjá òkun bí ènìyàn kò bá pariwo.

"ṢÉ ÌWỌ NÌYẸN?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ilé o."

"WỌ́N NÍ O Ń FỌ ÌGÒ."

"Ìgò wúrà ni, Bàbá."

"Wúrà kì í gbé inú ìgò."

"Ti ibí ń gbé inú rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Lẹ́yìn Iléyá, mo fẹ́ gbé owú kalẹ̀. O mọ bí a ti ń ṣe é. Mú ohun tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ wá. Sùlè ní òun náà ní ohun tí òun ó mú wá."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ ilé wa. Owú ni irin ńlá tí a rì mọ́ kùkùté igi nínú ṣọ́ọ̀bù, tí a ń lu wúrà lé lórí. Ẹni tó bá ni owú ló ni ṣọ́ọ̀bù, ló ni orúkọ ilé. Àkọ́bí kọ́ ló ń jogún rẹ̀ dandan, kì í sì í dúró de ikú bàbá. Bí ọwọ́ bàbá bá ti ń gbọ̀n, yóò pe àwọn ọmọ, kí oníkálukú mú wúrà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn wá. Bàbá yóò fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò níwájú àwọn àgbà, nítorí pé wúrà kì í yí padà, idẹ ló ń yí padà. Ohun tó bá yí padà, wọn yóò dà á síta, ẹni tó mú un wá kò sì ní fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ títí ayé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá wá rárá náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí mi ò bá lọ, Sùlè olówò páńdà yóò jókòó sídìí owú bàbá mi. Bí mo bá lọ, omi pupa ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo bá Dókítà Mẹ́rì sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀, ó ní, "Ṣé iyọ̀ ni wọ́n máa fi dán an wò? Àwa náà, iyọ̀ la fi ń dán an wò, láti mọ̀ bóyá aṣọ rẹ̀ pé." Ó gbé ìgò méjì síwájú mi, ọ̀kan wọ aṣọ, ọ̀kan wà ní ìhòòhò. "Èyí tó wọ aṣọ ni kí o mú lọ," ó ní. "Èkejì, iyọ̀ á bà á jẹ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́. Ó jáde, mo gbé ìgò tó wọ aṣọ padà sórí tábìlì rẹ̀, mo mú èyí tó wà ní ìhòòhò. Bí mo bá gbé wúrà tó wọ aṣọ dé iwájú bàámi, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti Sùlè? Obìnrin náà mọ sẹ́ẹ̀lì, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ wúrà láàárín àwa méjèèjì? Àti ìgbà wo ni wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún iyọ̀?

Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Òde, Àbẹ̀kẹ́ wo ìgò náà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Bàbá Kúdí, ẹ má bínú. Èyí ni góòlù náà?"

"Òun ni."

"Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́ fún ọjọ́ ìkómọjáde kan. Á tó ènìyàn púpọ̀ í mu."

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ jókòó yí owú ká. Bàbá ti kírun tán, ó jókòó sí ipò rẹ̀, àwo iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sùlè ló kọ́kọ́ jáde, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, kò mú páńdà wá. Òrùka tó nípọn ló mú wá, ó sì dán. Bàbá rẹ́ iyọ̀ mọ́ ọn, ó fún ọsàn lé e. A dúró. Òrùka kò yí padà. Àwọn àgbà mi orí.

Ó kàn mí. Mo gbé ìgò mi kalẹ̀. Ẹ̀rín sọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n," Sùlè ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu tèmi sí ife."

"Ẹni tí kò tíì rí nǹkan, ẹ̀rín ni í rín," mo ní. "Bàbá, wúrà nìyí. Ó kéré ni, ojú kò ká a. Wọ́n ń rán an wọ inú ohun alààyè, ó ń rìn níbẹ̀, èmi fi ojú mi rí i."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú àwo funfun. Ó bu iyọ̀ sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e.

Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, pupa náà di àwọ̀ aró. Àwọ̀ aró náà ṣú. Ó ń ṣú lọ bí ẹni pé Dókítà Mẹ́rì ló ń sọ ọ́ sí mi létí pé òun ti kìlọ̀ fún mi.

"Ó yí padà!" Sùlè ti dìde. "Ẹ ṣáà rí i? Páńdà olómi ló gbé wá! Ẹ dà á síta!"

"Ẹ dà á síta," àgbà kan náà sọ. Wọ́n kò wojú mi mọ́. Àbẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí ẹnu ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá gba ibẹ̀ jáde lónìí, mi ò ní gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀ ṣá. Ìran wa kì í bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tó jẹ́ tiwa.

Bàbá ti gbé àwo náà dání, ó ń rọra yí i. Ó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun dúdú kan ti ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ògì.

"Ó wúwo," ó ní.

"Bàbá, ó ti yí padà," Sùlè ní.

"Mo rí i pé ó yí padà. Ojú mi kò fọ́. Idẹ kì í yí báyìí, idẹ ń di àwọ̀ ewé. Kí ló yára rì sísàlẹ̀ báyìí?" Ó gbójú sókè. "Ẹ fẹ́ iná."

Ó ro omi kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú náà sínú àpáàdì kékeré tí a fi ń yọ́ wúrà, ó bu ìyẹ̀fun ìyọ́wúrà sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó ki ọ̀pá ìfẹ́ná bọ ẹnu, ó fẹ́ iná sí i. Èédú pọ́n. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀mú gbé nǹkan kan jáde, ó jù ú sínú omi, ó gbé e sórí owú.

Kò ju ẹyin èèrà lọ. Ṣùgbọ́n ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oòrùn ìdájí, ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè wúrà tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré.

Bàbá na òòlù sí mi.

"Lù ú."

Ọwọ́ mi ti pẹ́ lórí ìgò. Mo jókòó, mo gba òòlù, mo mú un bí ó ti kọ́ mi, ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe lọ́rùn. Bí ohun kékeré náà bá ta dànù, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Bí ó bá fọ́, idẹ ni. Mo lù ú. Ó tẹ́. Mo tún lù ú, mo yí i, mo lù ú. Kò fọ́. Ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, ó fẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́, ó sì dùn lábẹ́ òòlù bí wúrà ṣe ń dùn, ohùn tó rọ̀ tí kì í dún gbọ̀n-ọ̀n-gbọ̀n.

"Alhamdulillahi," Bàbá ní. Ó yíjú sí Sùlè. "Ìwọ náà, lu tìrẹ."

"Bàbá, òrùka tó ti parí? Ṣé kí n bà á jẹ́ ni?"

"Bà á jẹ́, kí o tún un ṣe. Ṣebí ọwọ́ rẹ ló gbẹ̀yìn lára rẹ̀."

Sùlè wo òrùka, ó wo owú. Ó tẹ ọwọ́ agbádá rẹ̀ méjèèjì lé èjìká. Wọ́n tún yọ̀ wálẹ̀. Ó tún tẹ̀ wọ́n. Kó tó tẹ̀ wọ́n tán, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ọjà ló ti rà á.

Bàbá dìde kúrò ní ipò rẹ̀. "Tìrẹ ni," ó sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé owú kì í rìnrìn àjò. Ẹni tó bá gbà á, ó jókòó."

Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Mi ò dìde.

Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe rí báyìí, ẹ̀yin ará Pòrógun. Kò sẹ́ni tó lé mi. Èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀, tàwọn tìgò wọn tajá wọn. Sùlè ṣì ń ta páńdà, ṣùgbọ́n ó ti gbé àtẹ rẹ̀ kọjá sí òdìkejì títì. Bí oòrùn bá mú, òjìji ṣọ́ọ̀bù mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìpẹ́ wúrà náà wà lára kùkùté owú, mo kàn án mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá kí mi dáadáa ná.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá ti mú ìgò tó wọ aṣọ wá, iyọ̀ kò ní ràn án. Yóò pupa títí di ọ̀la, wọn yóò ní omi ìṣápá ni, kò sí ohun tó máa rì sísàlẹ̀ tí Bàbá yóò rí yọ́. Nítorí náà, bí a bá tún un ṣe, èyí tó wà ní ìhòòhò náà ni màá mú. Mo lọ sí ilé Màmá Tíṣà, mo pe Dókítà Mẹ́rì, mo sọ fún un pé mi ò bọ̀ mọ́, kó wá ẹlòmíràn fọ ìgò.

"Mo rí ìgò lórí tábìlì mi," ó ní. "Ìhòòhò lo mú lọ."

"Òun ni mo mú."

"Wọ́n sì da iyọ̀ sí i?"

"Wọ́n dà á."

"Ó bàjẹ́, àbí?"

"Ó bàjẹ́ pátápátá, Màdáàmù."

"Mo sọ fún ọ."

"Ẹ sọ fún mi," mo ní. "Ohun tí ẹ kò sọ fún mi ni pé bó bá bàjẹ́ tán, wúrà ló máa dà."